Tíì Jàpáàn Tí Kò Gbọ́dọ̀ Korò

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Báwo ni iṣẹ́, báwo ni yàrá tí o háyà, báwo ni onílé rẹ tó máa ń ti ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó ti ibi iṣẹ́ dé? Èmi bàbá rẹ ń kí ọ. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó dúró sẹ́yìn mi báyìí, ó ń wo ọwọ́ mi bí ẹni tó mọ ohun tí mò ń kọ. Gbogbo àwọn oníbàárà tí mi ò ì rán aṣọ wọn tán náà ń kí ọ, wọ́n ní kí o bá àwọn bẹ̀ mí. Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Iná ayé kò ní jó ọ, omi ayé kò ní gbé ọ lọ, èyí tí o bá sì fẹ́ mu nínú omi náà kò ní gbóná jù, kò ní tutù jù. Má rẹ́rìn-ín, àdúrà tó ti ọkàn wá ni, wàá mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹrù tí o fi rán dẹ́rẹ́bà sí wa dé láyọ̀. A rí agolo ewé, a rí ìkòkò amọ̀ kékeré tí ìgbámú rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ bí apá ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró, a sì rí àwọn ife kéékèèké tí kò létí. Ìyá rẹ yẹ̀ wọ́n wò títí, ó ní àbí oyún ti wà nínú ọ ni, tí o fi ń ra ohun ìṣeré ọmọdé sílẹ̀. Mo ní kó dákẹ́. Ìgbà tí a wá ka ìwé tí o fi sínú ẹrù ni orí wa wú. O ní ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ ń bọ̀ wá wo irú ilé tí ọmọ wọn ti fẹ́ fẹ́yàwó. O ní wọn kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n ní àfi kí àwọn fi ojú ara àwọn rí wa ná. O ní tíì eléwé tútù ti ilẹ̀ Jàpáàn nìkan ni wọ́n ń mu, pé bó bá ti korò lẹ́nu wọn, ńṣe ni wọ́n á kàn gbé ife sílẹ̀, wọn kò sì ní sọ nǹkan kan mọ́. O ní ọmọbìnrin tí ọmọ wọn kọ́kọ́ mú wálé, ìdí ife tíì ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ parí sí. Ọmọ mi, àyà mi já. Èmi tí mo ti ń rán aṣọ ìyàwó fún ọmọ ọlọ́mọ láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, kí ewé wá dí ọmọ tèmi lọ́nà ilé ọkọ!

O kọ ọ́ kedere bí a ó ṣe ṣe é. O ní kí omi hó, ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kó rọlẹ̀ sí àádọ́rin kó tó kan ewé. O ní kí ewé má pẹ́ nínú omi ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí a má sì fún ewé náà rárá, kí a kàn da omi rẹ̀ sínú ife jẹ́jẹ́. Èmi gbọ́ ọ yé. Ìyá rẹ ni kò gbọ́. Ó ní ẹnì kan kò lè ti ìlú ńlá kọ́ òun bí a ti ń yọ ìkorò lára ewé, pé ewé kíkorò kan ò sí lábẹ́ ọ̀run tí fífọ̀ kò ká. Kí n tó pa aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ tì, ó ti bu ẹ̀kúnwọ́ ńlá nínú agolo, ó fi iyọ̀ ra á, ó fọ̀ ọ́, ó fún un, ó tún da omi mìíràn lé e, ó tún fọ̀ ọ́, títí omi fi mọ́ gaara. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, nígbà tí a pò ó, kò korò. Kò dùn náà. Kò ṣe nǹkan kan. Iyọ̀ díẹ̀ ló kù lẹ́nu wa. Omi àkọ́fọ̀ tó dà sẹ́yìnkùlé, ewúrẹ́ wa ló lá a mu, láti ìgbà náà ewúrẹ́ ò sùn mọ́, ó kàn ń rìn yí ilé po, ó ń wo gbogbo wa lójú bí ẹni tó ní ẹjọ́ tó fẹ́ rò. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, kó fi ewé ọlọ́ràn sílẹ̀ fún mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àádọ́rin. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé omi ti di àádọ́rin? Mo wò ó lójú, kò kọ ọ́ síwájú orí. Mo ní ta ló ń wọn ìgbóná nílùú yìí bí kò ṣe nọ́ọ̀sì? Mo gbé kẹ́tùlù pẹ̀lú omi gbígbóná nínú rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn. Mo bá àwọn aláìsàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo gbé kẹ́tùlù lé itan mi, gbogbo wọn ń kí mi pẹ̀lẹ́. Nígbà tó kàn wá, akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kò sẹ́ni tó ń rí nọ́ọ̀sì láìgba káàdì. Mo ní kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ rí i. Ó ní ta wá ni? Mo nawọ́ sí kẹ́tùlù. Ó ní òfin ni òfin, kálukú ló ń gba káàdì. Bí a ṣe gba káàdì fún omi nìyẹn. Níbi orúkọ, ó kọ Omi. Níbi ọjọ́ orí, mo ní àárọ̀ yìí ni ìyá rẹ̀ pọn ọ́n. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ó ti lọ́kọ tàbí kò ì lọ́kọ, mo ní kó fi àyè yẹn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ gan-an ló gbé wa dé ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ki ẹ̀rọ tó fi ń wọn ibà bọ inú omi, ẹ̀rọ náà ké fíì, ojú rẹ̀ sì ṣú. Inú bí ọmọbìnrin náà díẹ̀. Ó ní méjìlélógójì ni ẹ̀rọ òun parí sí. Mo ní àádọ́rin ni ọmọ mi ní kí n bá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní bàbá, bí ara èèyàn bá fi lè dé àádọ́rin, kì í ṣe nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè sí i mọ́, káfíńtà ni. Mo wá bi í pé ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáká, mélòó ni tirẹ̀? Ó ní mẹ́tàdínlógójì. Ọmọ mi, ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Èmi jẹ́ mẹ́tàdínlógójì. Ìyá rẹ náà jẹ́ mẹ́tàdínlógójì. Bí a bá pa àwa méjèèjì pọ̀, a di mẹ́rìnléláàádọ́rin. Mo ní mẹ́rin tó lé lórí rẹ̀, a ó fi ṣe èènì fún àlejò.

Mo sáré délé. Mo ṣàlàyé fún ìyá rẹ, ó ní òun ò mọ̀ pé mo mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀. A jókòó sórí àpótí tí mo máa ń kó àgékù aṣọ sí, a gbé kẹ́tùlù sáàárín, a gbá a mọ́ra láti ọ̀tún àti òsì, kí ooru ara wa lè fà á wá síbi tó yẹ. Ó jó wa, a fi aṣọ wé e, a tún gbá a mọ́ra. Ó ti pẹ́ gan-an tí èmi àti ìyá rẹ ti jókòó báyẹn. Obìnrin kan tó wá gba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ orí wọlé, ó rí wa, ó yíjú, ó ní òun á padà wá lọ́la. Nígbà tó ṣe, a da omi lé ewé lórí, a mu ún. Ọmọ mi, kò korò! Ó rọ̀ wọ ọ̀fun, ó sì fi adùn díẹ̀ sílẹ̀ lórí ahọ́n bí àgbàdo tútù. Ayọ̀ pa wá bí ọtí. A tún po òmíràn, a mu ún, a pe àwọn aládùúgbò, wọ́n mu, wọ́n gbóríyìn fún wa, a tún po tiwọn. Ìgbà tí ojú wa fi máa walẹ̀, ewé tó kù nísàlẹ̀ agolo kò ju ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Ìyá rẹ bojú wo inú agolo, ó bojú wò mí.

Mo ní kò burú, ẹ̀ẹ̀kan náà la nílò. Àmọ́ bí ọjọ́ àlejò ṣe ń kù sí dẹ̀dẹ̀, mo wo kẹ́tùlù wa, mo rí i pé èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, abẹ́ rẹ̀ ti bó. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ìhòòhò ni kẹ́tùlù tiwa wà. Kóòtù tí mo rán fún ọ̀gá ilé-ìwé ṣẹ́ aṣọ kù, aṣọ òtútù tó nípọn dáadáa. Mo wọn kẹ́tùlù láyà, mo wọ̀n ọ́n nídìí, mo rán kóòtù fún un. Mo fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ sí i, mo fi kọ́là sí i, mo to bọ́tìnnì sí i níwájú, mo ṣí ojú ihò sílẹ̀ fún ẹnu rẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí. Ìyá rẹ ní láti ìgbà tí òun ti fẹ́ télọ̀, òun ò rí kóòtù tó dára tó bẹ́ẹ̀ gbà rí. Ó sì ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun kọ́ ló ní kí n rán an. Ohun tí mi ò rò ni pé ohun tó bá ti wọ kóòtù kì í tutù bọ̀rọ̀.

Ní ti ìṣẹ́jú kan tí o sọ, mo ṣe bí o ṣe wí, mo ní kí ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe níkòríta bá mi to aago inú fóònù. Ó fi hàn mí. Ọmọ mi, ẹ̀yìn ló ń kà lọ! Mi ò rí ohun tó ń kà sẹ́yìn rí tí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ dáa. Mo bi ọkùnrin náà pé bó bá kà á dé òdo ńkọ́. Ó ní yóò dún. Mo bi í pé ṣé ilé ò ní wó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, èmi ò sì rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Àlejò dé lọ́sàn-án. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, gíláàsì wọn ń fì lọ́rùn wọn lórí okùn. Wọ́n gbé e sójú, wọ́n fi wo ògiri, wọ́n fi wo ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n fi wo èmi náà bí ẹni tó ń wo ojú abẹ́rẹ́, wọ́n tú u sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Màmá Onígíláàsì ni a ń pè wọ́n lẹ́yìn, jọ̀ọ́ má sọ fún ọmọ wọn. Wọ́n jókòó sórí àga àwọn oníbàárà. Ìyá rẹ ní ẹ kú ìrìn. Wọ́n ní ẹ ṣeun. Ìyá rẹ ní ọ̀nà jìn. Wọ́n ní ó jìn. Ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Mo gbé kẹ́tùlù wọlé nínú kóòtù rẹ̀. Wọ́n tún gbé gíláàsì sójú, wọ́n wò ó pẹ́. Mo da ewé tó kù sínú ìkòkò, mo da omi lé e, mo dé e, mo tẹ fóònù, mo sì kéde fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò àfi èmi. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kà sẹ́yìn. Ìyá rẹ fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Màmá Onígíláàsì náà rọra fa tiwọn. Èmi dúró tì í bí ọkùnrin. Ó dé òdo, ó dún.

Ṣé kí n parọ́ fún ọ? Bó ṣe dún báyìí, gbogbo ohun tí ọkùnrin ìkòríta sọ fún mi fò lọ lórí mi. Láti ìgbà tí o ti kúrò nílé, bí fóònù yẹn bá ti dún, ìwọ ni mo máa ń rò pé ó jẹ́. Mo gbé e, mo ní hẹ́lò, Àbíkẹ́yìn mi, ṣé ara rẹ le? Kò sí ìdáhùn. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo jáde, mo gun orí bíríkì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń gbà dáadáa, mo ń pariwo pé wọ́n ti dé o, tíì ti wà nínú ìkòkò o, fọkàn balẹ̀, kò sóhun tí mi ò lè ṣe fún ọ. Mo sọ fún ọ pé ilé ò rí bí ilé láìsí ọ. Mo sọ fún ọ pé ìyá rẹ ṣì ń gbá yàrá rẹ láràárọ̀, àmọ́ kò fẹ́ kí o mọ̀. Mo ròyìn ewúrẹ́ fún ọ. Àfìgbà tí ìyá rẹ fọwọ́ gbá mi lẹ́sẹ̀ ni mo tó wo ojú fóònù, tí mo rí i pé èmi nìkan ni mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Fèrèsé sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Mo fò wọlé. Omi tó wọ kóòtù kò tutù, ewé ti jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni tó wà nílé bàbá rẹ̀, ìbẹ̀rù sì bá mi, mo fọwọ́ fún ewé kí ife lè kún. Gbogbo ohun tí o ní kí n má ṣe ni mo ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó dà sínú ife ṣókùnkùn débi tí mi ò rí ìdí ife. Kò sí ewé mọ́, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Wọ́n mu ún, ojú wọn fún pọ̀, wọ́n gbé ife sílẹ̀.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ọ. Ìyá rẹ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ má wo ti ọkọ òun, aṣọ nìkan lorí rẹ̀ gbé, ọmọ wa kò fi ibì kankan jọ ọ́. Màmá Onígíláàsì tún gbé ife, wọ́n mu ún dé ìsàlẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n na ife sí mi, wọ́n bi mí bóyá ó kù.

Wọ́n ní ọkọ àwọn tó ti kú, ojú omi ló ti ṣiṣẹ́, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti kọ́kọ́ mú tíì náà wálé. Wọ́n ní ọkùnrin náà kò ní sùúrù fún ohunkóhun tó ń hó. Omi gbígbóná yòò ló máa ń dà lé e, yóò gbàgbé ẹ̀ sílẹ̀, yóò lọ máa bá ará àdúgbò sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì, bó bá padà dé, yóò gbé e fún wọn, yóò ní kí wọ́n tètè mu ún kó tó tutù. Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ tí àwọn fi jọ gbé pọ̀ ni àwọn fi bá a jà nítorí ìkorò náà. Nígbà tó kú, ọmọ wọn kọ́ bí wọ́n ṣe ń pò ó, ó ra ẹ̀rọ tó ń wọn omi, tirẹ̀ kì í korò láé. Wọ́n ní ó dùn lóòótọ́, àmọ́ kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá bu tíì fún àwọn, ọkọ àwọn ni àwọn máa ń wá níbẹ̀, tí àwọn ò bá sì bá a, ọ̀rọ̀ kì í wá sẹ́nu àwọn mọ́. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí àwọn sọ ọ́ fún ọmọ náà, kí ọkàn rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ìyá rẹ dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó lọ gbá wọn mọ́ra, àwọn méjèèjì wá jọ ń sunkún. Èmi náà sunkún díẹ̀, mo fi kóòtù kẹ́tùlù nu ojú.

Wọ́n wá bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí bíríkì. Mo jẹ́wọ́ pé kò sí ẹnì kankan, pé ìwọ ni mo rò pé ó ń pè. Wọ́n wò mí, láìsí gíláàsì lójú lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí, wọ́n ní irú ilé tí wọ́n ti ń ṣàárò ọmọ wọn báyìí ni kí ọmọ àwọn ti fẹ́yàwó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́, ìyá rẹ ni ẹlẹ́rìí mi. Ẹ lè mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù: wọn ò ì lọ. Ọjọ́ náà ló yẹ kí wọ́n padà, wọ́n ní ó dọ̀la, ọ̀la náà tún dé, wọ́n ní kò kánjú. Yàrá rẹ ni wọ́n ń sùn. Ewé ìgbà yẹn náà ni wọ́n ṣì ń da omi gbígbóná lé lórí, kò láwọ̀ mọ́, kò lóòórùn mọ́, wọ́n ní ó ṣì korò fún àwọn. Ìyá rẹ ti kọ́ wọn bí wọ́n ti ń fọ ewé. Ọmọ wọn ń pè lójoojúmọ́, wọ́n á ní kí n sọ fún un pé àwọn sùn, àwọn sì nìyí níwájú mi tí wọ́n ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ pé ìyá rẹ̀ ò sọnù. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ẹsẹ̀ kan kúrò níbí àfi bí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ wá mú àwọn, mi ò sì ní tan ọ́, mi ò bá wọn jiyàn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, nítorí lẹ́tà bàbá kì í parí láìtọrọ. Owó tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́tẹ̀ yìí kò pọ̀, owó ọkọ̀ ni. Má fi ránṣẹ́ sí mi o. Fi wọ ọkọ̀, kí o máa bọ̀ nílé.

Ọ̀nà á là fún ọ, dẹ́rẹ́bà rẹ kò ní sùn lórí eré, ẹsẹ̀ rẹ á bá wa láyé, ayọ̀ lo máa bá lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀, tó ń wo ọ̀nà.